Ṣé Mo Lè Fọwọ́ Sí Ìwé Ìbúra Ọjọ́ Orí Lórúkọ Ìyá Mi?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ibi iṣẹ́ mi ní kí n mú ìwé ìbúra ọjọ́ orí wá láti kóòtù, nítorí pé oko ni wọ́n bí mi sí, kò sì sẹ́ni tó gba ìwé ìbí fún mi. Bàbá mi, tí wọ́n ti dolóògbé, kọ ọ́ sínú Bíbélì wọn pé ọjọ́ 12, oṣù kẹwàá, ọdún 1979 ni wọ́n bí mi. Ìyá mi wà láàyè, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀wé, ẹsẹ̀ sì ń dùn wọ́n. Ọkùnrin kan tó ń tẹ̀wé lẹ́nu géètì kóòtù ní kí n fọwọ́ sí i lórúkọ wọn, kí n sanwó, òun yóò bá mi gba òǹtẹ̀ sí i. Ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó ń búra fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró níwájú kọmíṣọ́nà ìbúra, ìyẹn ẹni tí òfin fún láṣẹ láti gba ìbúra, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé náà, kí ó sì fọwọ́ sí i lójú ẹni náà. Bí ibi iṣẹ́ yín bá wá tọpinpin ìwé tí ẹnikẹ́ni kò búra lé lórí, ẹ̀yin ni wọn yóò bi léèrè, nítorí pé ẹni tó tẹ̀wé kò fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Ìyá yín ni yóò búra, kì í ṣe ẹ̀yin, nítorí pé ìbí yín ṣojú wọn, àgbọ́sọ lásán sì ni tiyín. Ká ní àwọn náà kò sí mọ́, ẹ̀gbọ́n yín tàbí mọ̀lẹ́bí àgbà tó mọ ìgbà tí wọ́n bí yín ni ìbá ṣe é.

Àìmọ̀wé wọn kò dí ohunkóhun lọ́wọ́. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 117 àti 119, sọ pé ẹni tí kò lè kọ̀wé yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àmì sí ìwé ìbúra níwájú ẹni tó ń gba ìbúra, ẹni náà yóò sì jẹ́rìí sí i pé wọ́n kà á sí i létí àti pé ó yé e. Ẹ má ṣe fojú kéré kíkà yìí. Nígbà tí mo bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ búra ọjọ́ orí ọmọ wọn, wọ́n ti fi àtàǹpàkò kan yíǹkì kí akọ̀wé tó ka oṣù, ni wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè pé, “Kì í ṣe oṣù kejì o, ìgbà tí à ń ká kòkó ni mo bí i.” Ẹni tó tẹ̀wé ló fi 2 rọ́pò 12. Ká ní wọn kò sí níbẹ̀ ni, ọjọ́ orí ọmọ wọn ìbá ti yí padà nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè níbi iṣẹ́ yín bóyá wọ́n tún fẹ́ ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn (NPC), nítorí pé àwọn kan ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí ṣáájú 1992. Ẹ mú Bíbélì bàbá yín dání, kí ẹ sanwó níbi tí kóòtù ti ń gbowó, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀, kí ẹ sì bá ìyá yín tọrọ àga.