Ohun tó di páìpù mú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ọ̀rọ̀ lórí flaring tool fún páìpù bíréèkì àti ti epo

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ tú gbogbo páìpù bíréèkì àti páìpù epo abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kan, kí ẹ fi irin tuntun rọ́pò wọn. Ẹ wá ń béèrè bóyá flaring tool (irinṣẹ́ tí a fi ń fẹ ẹnu páìpù) olówó pọ́ọ́kú, ọ̀pá tó ní ihò púpọ̀ yẹn, yóò tó iṣẹ́ náà ṣe, àbí kí ẹ ra èyí tí wọ́n ń dè mọ́ fáìsì, ìyẹn ìdìmú orí tábìlì iṣẹ́. Mo ti fi ti ọ̀pá ṣiṣẹ́, mo ti lo ti orí fáìsì, mo sì ti lo ti háídírọ́líìkì lábẹ́ ọkọ̀. Bí páìpù yín bá jẹ́ irin, ẹ má wulẹ̀ náwó sórí ti ọ̀pá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rà á ni ṣóńṣó tó ń wọ ẹnu páìpù láti fẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà. Ara ohun tó di páìpù mú ló wà. Irin tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sábà máa ń lò fún bíréèkì jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká po ní ìpele méjì, tí wọ́n sì fi bàbà yíyọ́ lẹ̀ pọ̀. Kì í gbà bọ̀rọ̀. Bí ṣóńṣó ti ń tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa wá ọ̀nà láti sá sẹ́yìn. Ọ̀pá yẹn la sí méjì, nọ́ọ̀tì elétí wà ní orí rẹ̀ méjèèjì, oríṣiríṣi ihò sì tò sáàárín. Bí ẹ bá ń fún un mọ́ páìpù tó wà nítòsí orí kan, orí kejì kì í pa dé dáadáa, ìdìmú rẹ̀ á sì dẹ̀. Páìpù á yọ̀ díẹ̀. Ó lè má tó mìlímítà kan, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó yẹ kó yọ síta ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹnu tí ẹ ká wọnú kò ní gùn tó, tàbí kó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá wá mú púláyà, tó fi fún nọ́ọ̀tì náà pinpin kí páìpù má baà yọ̀ mọ́, eyín ọ̀pá yóò jẹ ara páìpù, yóò sì hó ọ̀dà tí wọ́n fi bò ó kúrò. Ibẹ̀ gan-an ni yóò ti kọ́kọ́ dógùn-ún.

Ẹ ó rí àwọn tó ń yin ọ̀pá yìí gan-an, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè irú páìpù tí wọ́n fi ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, páìpù tí wọ́n fi níkẹ́lì àti bàbà pò pọ̀ ṣe ni. Ìyẹn rọ̀, ó máa ń gbọ́ràn sí ọwọ́ lẹ́nu, kì í sì í dógùn-ún. Bí kò bá pọn dandan fún yín pé kí abẹ́ ọkọ̀ rí bó ṣe rí nígbà tó jáde, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ ronú sí i. Bàbà lásán ni kí ẹ má fi ṣe bíréèkì: bí ọkọ̀ bá ṣe ń gbọ̀n ni yóò máa le sí i, lẹ́yìn náà á sán.

Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ fáìsì, tó ní orí tó ń yí, irú èyí tí Eastwood ń tà, yàtọ̀ pátápátá. Ìwọ̀n páìpù kọ̀ọ̀kan ló ní mọ́ọ̀dì tirẹ̀. Mọ́ọ̀dì náà pín sí méjì, ó gùn, ó sì gbá páìpù mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin gígùn rẹ̀. Bóòtì ńlá kan ló ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Ojú kan wà lára orí tó ń yí náà tó ń fi ìwọ̀n tí páìpù yóò yọ hàn yín, òmíràn ń wú ẹnu rẹ̀, òmíràn ń ká a wọnú. Ẹ ò ní fi ojú díwọ̀n ohunkóhun. Ẹnu páìpù tí ẹ ṣe ní òwúrọ̀ àti èyí tí ẹ ṣe nígbà tó ti rẹ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́ yóò bá ara wọn mu, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ṣeé gbé wọ abẹ́ ọkọ̀, àti pé ó ń fẹ́ ibi gbọọrọ tó gùn tó mọ́ọ̀dì lẹ́yìn ẹnu páìpù. Nítorí náà, ẹ fẹ ẹnu páìpù kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ tó bá sún mọ́ etí. Kí nọ́ọ̀tì sì ti wà lára páìpù, kó kọjú síbi tó yẹ, kí ẹ tó fẹ ohunkóhun.

Ti háídírọ́líìkì, bíi ti Mastercool, ló ń bọ́ sí abẹ́ ọkọ̀ fún mi. Kò fẹ́ agbára, ó ṣeé lò níbi tí àyè ti há. Ó wọ́n, àwọn mọ́ọ̀dì kéékèèké inú rẹ̀ sì rọrùn láti sọnù. Bó bá jẹ́ páìpù 3/16 íǹṣì nìkan ni ẹ fẹ́ tún ṣe lábẹ́ ọkọ̀, èyí kékeré kan wà tí ẹ ó fi sípánà lásán yí. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ gé etí páìpù àtijọ́ kan kí ẹ wò ó. Bó bá dà bí àrọ tó ká wọnú ara rẹ̀, double flare (ẹnu onípele méjì) onígun dígírì 45 ni. Bó bá wú bíi bọ́tìnì tí etí rẹ̀ kò ká wọnú, bubble flare ni, èyí tó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ Jámánì àti Yúróòpù. Ọ̀kan kò lè dípò èkejì láéláé. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ̀ (ilà yíyípo) ara nọ́ọ̀tì nìkan dá wọn mọ̀, torí ìwọ̀n ẹ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní M10x1 wà lára ọkọ̀ Japan tó ń lo double flare, ó tún wà lára ti Yúróòpù tó ń lo bubble. Ti Amẹ́ríkà fún páìpù 3/16 sábà máa ń jẹ́ 3/8-24. Ẹnu onípele kan ní ìgun 45 kò gbọdọ̀ wọ bíréèkì. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ bíréèkì gidi, agbára inú páìpù máa ń kọjá 1,000 psi (psi ni ìwọ̀n agbára títẹ̀), etí tín-ín-rín yẹn á sì là. Stainless (irin tí kì í tètè dógùn-ún) ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni: ó máa ń sán tí a bá ká a ní ìlọ́po méjì, nítorí náà ìgun 37 onípele kan pẹ̀lú ìbọ̀ (sleeve, tó ń gbá ẹ̀yìn ẹnu páìpù mú) tirẹ̀ àti nọ́ọ̀tì tirẹ̀ ni wọ́n ń fún un.

Páìpù epo kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀ nínú. Ti kábúrétọ̀ kì í sábà tó 10 psi, ti ọkọ̀ tó ń fọ́n epo sábà máa ń wà láàárín 40 sí 60. Àmọ́ ó tóbi jù, 5/16 tàbí 3/8, ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ kékeré kò sì ní mọ́ọ̀dì ìwọ̀n yẹn. Ẹ ka ohun tó wà nínú àpótí kí ẹ tó sanwó. Níbi tí rọ́bà yóò ti bọ̀ mọ́ irin, ìpele àkọ́kọ́ nínú double flare nìkan ni kí ẹ ṣe. Wíwú yẹn ni kì í jẹ́ kí rọ́bà yọ̀ kúrò.

Irinṣẹ́ tó dára jù kò lè gba páìpù tí wọn kò gé dáadáa là. Ẹ fi ohun ìgépáìpù tó ń yí gé e, ẹ fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi fáìlì mú etí rẹ̀ tẹ́jú, ẹ ha inú àti ìta, ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ẹ̀rúnrún irin jáde. Ẹ kán omi bíréèkì díẹ̀ sí ṣóńṣó. Ẹ má lo òróró ẹ́ńjìnnì o, ó máa ń ba rọ́bà inú bíréèkì jẹ́.

Bí ẹnu kan bá wọ́, tàbí tí ẹ rí ìlà sísán tín-ín-rín, ẹ gé e kúrò. Fífún nọ́ọ̀tì jù kò lè tún un ṣe. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀ tí ẹ sì ti lé afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidigidi kó dì í mú, kí ẹ̀yin fi bébà gbígbẹ nu orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ bá ti ní fáìsì, ti orí fáìsì ni kí ẹ rà, kí ẹ yan irú èyí tí wọ́n ń ta mọ́ọ̀dì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ti 3/16 ni yóò kọ́kọ́ gbó.