Ta ni Andrew Anglin, kí ló sì dé tí ilé ẹjọ́ fi ní kó san mílíọ̀nù 14 dọ́là?

Andrew Anglin ni ọmọ ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, tó dá ìkànnì Daily Stormer sílẹ̀ lọ́dún 2013 láti máa tan ẹ̀kọ́ Nazi kálẹ̀; owó náà sì jẹ́ ti obìnrin kan tí Anglin ní kí àwọn èèyàn máa yọ lẹ́nu. Ara Der Stürmer, ìwé ìròyìn tí Julius Streicher fi ń bú àwọn Júù ní Jámánì, ló ti yọ orúkọ ìkànnì náà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Anglin gbé nọ́ńbà fóònù àti ìmeèlì obìnrin Júù kan tó ń bá èèyàn ta ilé ní ìlú Whitefish, ìpínlẹ̀ Montana, síta. Ọmọ obìnrin náà ọlọ́dún 12 pàápàá kò mórí bọ́. Obìnrin náà á gbé fóònù, ìró ìbọn ni yóò gbọ́. Ìwà ìkà gbáà ni.

Lọ́dún 2017 obìnrin náà pè é lẹ́jọ́. Anglin ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ dáàbò bo òun, adájọ́ kò gbà. Nígbà tí Anglin sì kọ̀ láti yọjú kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, obìnrin náà jàre ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Mílíọ̀nù 10 nínú owó náà jẹ́ ti ìjìyà nìkan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n mú Anglin, torí kò ka àṣẹ ilé ẹjọ́ sí.