Ọkọ mi ríṣẹ́ sí Denver: ṣé ká kó lọ sórí òkè?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Houston là ń gbé láti ìgbà tá a ti dé Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ kan ní Denver, ìpínlẹ̀ Colorado, ti wá fún ọkọ mi níṣẹ́, owó rẹ̀ sì ju èyí tó ń gbà níbí lọ. Inú rẹ̀ ń dùn, àyà tèmi ń já. Wọ́n ní àárín òkè ni gbogbo ibẹ̀, pé òjò dídì máa ń bo ilé mọ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tún fẹ́ wá láti Ìbàdàn bá wa lo oṣù díẹ̀. Ọkọ mi jẹ́ AS, ọmọkùnrin wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù níléèwé náà jẹ́ AS. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbẹ̀, kí ni kí n máa retí?

Ìyàwó Ẹnjiníà, Houston

ÌDÁHÙN

Ìyàwó wa, mo kí ọ. Òjò dídì lo fi ṣíwájú, AS lo fi kádìí lẹ́tà rẹ. Èmi á yí i padà, torí nọ́ọ̀sì ni mí, Aurora tó fara kan Denver ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́.

Denver fi 5,280 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ, ìyẹn máìlì kan gééré. Wọ́n tiẹ̀ sàmì sí i lára àtẹ̀gùn ilé ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Houston ní tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i, débi pé ọ́síjìn tí èèyàn ń mí sínú níbí fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà dín sí ti etí òkun. Ẹni tó jẹ́ AA á mí gúlegúle fún ọjọ́ díẹ̀ tó bá gun àtẹ̀gùn, orí lè fọ́ ọ, oorun lè má dùn, lẹ́yìn náà ara á mọ́lé. Ẹni tó bá jẹ́ SS, èmi ò ní sọ pé kó máa bọ̀ láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí i, torí ibi tí ọ́síjìn bá ti dín ni ẹ̀jẹ̀ SS ti máa ń tẹ̀ kọrọdọ tí á sì dí òpó tó ń gbà kọjá.

AS wà láàárín. Àwọn AS tó ń gbé níbí tí nǹkan kan ò ṣe pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí AS bá lọ síbi tó ga, tó sì ń fi gbogbo agbára sáré, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ọlọ inú rẹ̀ mọ́, ìyẹn ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Ryan Clark tó gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá àwọn ará Amẹ́ríkà fún Pittsburgh Steelers nígbà kan rí jẹ́ AS. Ó wá gbá bọ́ọ̀lù ní Denver lọ́dún 2007, àìsàn gbé e dè, wọ́n yọ ọlọ inú rẹ̀, wọ́n tún yọ àpò òróòro rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ń bọ̀ wá sí Denver ní oṣù Kìíní ọdún 2012, kóòṣì ò jẹ́ kó wọ pápá rárá.

Mi ò fi èyí dẹ́rù bà ọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí kóòṣì ọmọ yín mọ̀ pé AS ni, kó má sáré àsápajúdé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó máa mu omi dáadáa. Tí ìhà òsì bá ń dùn ún, ẹ má fún un ní Panadol kẹ́ ẹ ní kó lọ sùn. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Ìwọ náà ńkọ́? O sọ ti ọkọ, o sọ ti ọmọ, o ò sọ tìrẹ. Lọ ṣe àyẹ̀wò.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣeré lọ sórí òkè gan-an, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Ojú ọ̀nà I-70 gba inú ihò Eisenhower tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè kọjá ní nǹkan bí 11,000 ẹsẹ̀ bàtà, mọ́tò sì lè gbé èèyàn dé orí Pikes Peak tó ju 14,000 lọ. Má kàn gbé ìyá àgbà lọ ya fọ́tò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó dé o! Kó kọ́kọ́ rí dókítà ní Ìbàdàn, kó kó oògùn rẹ̀ dání, kó sì fara balẹ̀ sílé ná, torí ìfúnpá lè gòkè díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ilé ìdáná. Omi máa ń hó ní ìwọ̀n 95 níbí, kì í dé 100. Wàá rí i tó ń hó yaya, ẹ̀wà olóyin inú rẹ̀ á sì le koko síbẹ̀. Ra pressure pot kó o tó ra àga. Ìpékeré inú ọ̀rá tẹ́ ẹ bá gbé láti Houston á ti wú bẹ̀ǹbẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀lú. Afẹ́fẹ́ tún gbẹ: ètè á máa là, imú ọmọdé á máa ṣẹ̀jẹ̀, òrí á di ọ̀rẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n gbígbẹ yẹn náà ló ń gbè mí. Èlùbọ́ mi kì í bu, aṣọ tí mo sá sí pálọ̀ lálẹ́ ti gbẹ kílẹ̀ tó mọ́, ooru tó ń lẹ̀ mọ́ni lára ní Houston ò sí, ìjì líle etí òkun ò sì mọ̀nà ibí.

Òjò dídì ò tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó ń rọ̀, oòrùn ń yọ ọ́ dànù. Yìnyín ni kó o bẹ̀rù. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, yìnyín ba òrùlé àti mọ́tò jẹ́ yíká Denver, àdánù rẹ̀ ju bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Ọjà ńlá kan ní Lakewood wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Iná náà wà: ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2021, atẹ́gùn gbé iná wọ Superior àti Louisville, ó jó ilé tó lé ní 1,000. Ìdí nìyẹn tí owó ìnṣọ́ránsì fi ń ga. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra ilé tó ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún radon, gáàsì tó ń ti inú ilẹ̀ jáde, tí kì í rùn, tó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Nǹkan bí ìdajì ilé Colorado ló ní i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ti àwọn èèyàn wa, tó bá jẹ́ aṣọ ẹbí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lò ń wá, dúró sí Houston. Àwa náà ń ṣe ìnáwó, a ò kàn pọ̀ tó yín. Nínú àwa ọmọ Áfíríkà, àwọn ará Ẹtiópíà ló gba Aurora.

Kí ọkọ rẹ má sì yọ̀ jù lórí owó yẹn. Texas kì í gba owó orí ìpínlẹ̀. Colorado ń gba ohun tó lé ní dọ́là 4 nínú 100, ilé ibí sì wọ́n ju tiyín lọ. Ó yẹ kó bi wọ́n bóyá wọ́n á san owó ìkẹ́rù.

Tó bá jẹ́ èmi ni, máa wá, ṣùgbọ́n Aurora ni máa gbé, kì í ṣe orí òkè. Ẹ kọ́kọ́ wá wò ó ní oṣù Kẹta, tí òjò dídì máa ń pọ̀ jù. Ẹ má wá ní oṣù Kẹsàn-án tí ewé igi aspen ń di àwọ̀ wúrà: kò sẹ́ni tó máa ń wá lásìkò yẹn tí kì í fọwọ́ síwèé.