Ṣé a lè fi quantum entanglement ránṣẹ́ kí ó yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ?

Rárá, kò ṣeé ṣe. Entanglement, ìyẹn ìsopọ̀ àràmàǹdà láàárín àwọn nǹkan tíntìntín, máa ń mú kí èsì àyẹ̀wò níbi méjì bára mu, ṣùgbọ́n kò lè gbé ọ̀rọ̀ kankan láti ibì kan dé ibòmíràn.

Bí a bá tan iná lésà sí irú kírísítálì kan, fótónì kan (ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tíntìntín) lè di méjì tí wọ́n so pọ̀ bí ìbejì. Ká ní ọ̀kan wà lọ́wọ́ Adé ní Vienna, èkejì wà lọ́wọ́ Bọ́lá ní London. Bí Adé bá yẹ tirẹ̀ wò, ó lè bá a pé ó ń mì ní òòró tàbí ní ìbú. Èyí tó bá rí ni Bọ́lá náà yóò rí, bí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà kan náà. Ṣùgbọ́n Adé kò lè yan èyí tí yóò jáde, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lójú Bọ́lá, ńṣe ni èsì ń jáde bí ẹyọ owó tí a ń jù sókè. Ó di ìgbà tí wọ́n bá pe ara wọn lórí fóònù kí wọ́n tó mọ̀ pé èsì wọn bára mu, fóònù kò sì lè yára ju ìmọ́lẹ̀, tó ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Einstein gbà pé èsì náà ti wà lára àwọn fótónì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1964, onímọ̀ físíìsì John Bell fi ìṣirò hàn bí a ṣe lè dán irú èrò bẹ́ẹ̀ wò. Àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ físíìsì Clauser, Aspect àti Zeilinger, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2022, ta ko èrò náà.