Ẹ Bi Wá: Àdììtú Ṣẹ́ẹ̀sì àti Àwọn Tó Ṣẹ̀dá Wọn

Lórí àdììtú ṣẹ́ẹ̀sì ni gbogbo ìbéèrè tí a mú lóṣù yìí dá lé. Ẹ to bọ́ọ̀dù yín kí ẹ tó máa kà á. Lẹ́tà a sí h ni a fi ń ka òpó, láti apá òsì Funfun lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀; nọ́ńbà 1 sí 8 ni a fi ń ka ìlà, láti ọ̀dọ̀ Funfun lọ sí ọ̀dọ̀ Dúdú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan fi àdììtú yìí ránṣẹ́ sí mi: ọba Funfun wà ní h8, pọ́ọ̀nù rẹ̀ ní c6, ọba Dúdú wà ní a6, pọ́ọ̀nù rẹ̀ ní h5. Ó ní Funfun ló máa ta, kó sì gba ọ̀mì. Mo lé pọ́ọ̀nù Dúdú títí, ọwọ́ mi kò tẹ̀ ẹ́. Ṣé kì í ṣe pé irọ́ ni? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Kì í ṣe irọ́. Richard Réti ló gbé e jáde ní 1921. Ọ̀gá ni lórí bọ́ọ̀dù pẹ̀lú: òun ló na Capablanca, ọ̀gá àgbáyé ìgbà náà, ní New York ní 1924, lẹ́yìn ọdún 8 tí ẹnikẹ́ni kò rí Capablanca nà.

Òpó h tí ẹ ń bá sọ̀ kalẹ̀ ló ń dà yín láàmú. Ẹ ka á wò: láti h8 dé h2, ìgbésẹ̀ 6 ni fún ọba tó bá sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Bí ó bá gba igun dé igun lọ sí e5, tó sì tún gba igun dé igun lọ sí h2, ìgbésẹ̀ 6 náà ni! Ọ̀nà kọ́rọ́ kò gùn ju ọ̀nà tààrà lọ, ó sì tún ń mú ọba sún mọ́ pọ́ọ̀nù tirẹ̀ ní c6. Gbogbo agbára àdììtú yìí nìyẹn.

Nítorí náà, ọba lọ sí g7, Dúdú sún pọ́ọ̀nù sí h4. Ọba tún lọ sí f6. Bí Dúdú bá sún un sí h3, ẹ lọ sí e7. Ó dé h2, ẹ sún pọ́ọ̀nù yín sí c7. Ọba rẹ̀ sáré wá sí b7, ẹ lọ sí d7. Tirẹ̀ di ayaba ní h1, tiyín di ayaba ní c8, ọ̀mì dé. Bí ó bá jẹ́ pé ọba ni Dúdú kọ́kọ́ mú wá sí b6 ńkọ́? Ẹ lọ sí e5. Bí ó bá jẹ pọ́ọ̀nù yín ní c6, ẹ bọ́ sí f4, pọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ní lè sá mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ó bá sún un sí h3, ẹ lọ sí d6, ẹ ó sì di ayaba tẹ̀lé e.

Ní e5 yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Àwọn kan á lọ sí g5 torí pé ó kan pọ́ọ̀nù h4 gbọ̀ngbọ̀n, ṣùgbọ́n Dúdú á sún un sí h3, ó ti bọ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn á lọ sí e7 láti gba pọ́ọ̀nù tiwọn là. Dúdú á jẹ ẹ́, ọba wọn á sì ti jìnnà jù sí òpó h.

Mo mọ ṣẹ́ẹ̀sì í ta, ṣùgbọ́n àdììtú ìgbésẹ̀ 2, èyí tí Funfun gbọ́dọ̀ pa ọba Dúdú ní ìgbésẹ̀ 2, máa ń pẹ́ lọ́wọ́ mi jù. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Òǹkàwé, Òṣogbo)

Ọ̀dọ̀ Dúdú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka gbogbo ohun tó lè sún bí ẹni pé òun ló kàn, kí ẹ wá méètì (ìgbésẹ̀ tó pa ọba) fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá rí méètì fún, òun ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ Funfun gbọ́dọ̀ tún ṣe.

Ẹ fi èyí tí Paul Morphy ti New Orleans ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé dán an wò. Funfun: ọba c8, rúùkù a1, pọ́ọ̀nù b6. Dúdú: ọba a8, bíṣọ́ọ̀bù b8, pọ́ọ̀nù a7 àti b7. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá kúrò ní b8, rúùkù á jẹ a7, méètì ni. Ṣùgbọ́n bí pọ́ọ̀nù a7 bá sún sí a6 tàbí a5, kò sí méètì. Ẹ dí i lọ́nà: rúùkù lọ sí a6! Pọ́ọ̀nù a7 kò lè sún mọ́, kò sì lè jẹ b6, torí ọba rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ níwájú rúùkù. Bí pọ́ọ̀nù b7 bá jẹ rúùkù, pọ́ọ̀nù Funfun á lọ sí b7, méètì. Ẹni tó bá sáré fi rúùkù jẹ a7 lẹ́ẹ̀kan náà kàn ń fi í tọrẹ fún bíṣọ́ọ̀bù ni.

Kí ló dé tí orúkọ Sam Loyd kì í kúrò lẹ́nu àwọn elédììtú? (Òǹkàwé, London)

Torí pé kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń fi ohun tó wà lójú pamọ́ bíi tirẹ̀. Philadelphia ni wọ́n bí i sí ní 1841, ó sì kú ní 1911. Èyí tó pè ní Excelsior ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe é ní 1858, ó jáde nínú ìwé ìròyìn ní London ní 1861. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dennis Julien, a máa fọ́nnu pé òun lè mọ ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì tí yóò pa ọba nínú àdììtú yòówù. Loyd ní kó tọ́ka sí èyí tí kò lè pa á láéláé, wọ́n sì fi oúnjẹ alẹ́ ta tẹ́tẹ́. Julien tọ́ka sí pọ́ọ̀nù b2.

Funfun: ọba h5, rúùkù b5 àti e2, ẹṣin a1 àti h3, pọ́ọ̀nù b2, c2, g3. Dúdú: ọba h1, rúùkù c8, bíṣọ́ọ̀bù d8, ẹṣin a8, pọ́ọ̀nù a3, b6, b7, e3, f7, h7. Funfun á pa á ní ìgbésẹ̀ 5. Ó wuni láti gbé rúùkù b5 lọ sí f5, kó lè bọ́ sí f1, ṣùgbọ́n rúùkù Dúdú á wá sí c5, á sì dè é mọ́lẹ̀ níwájú ọba rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pọ́ọ̀nù b2 fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fò sí b4 láti ṣọ́ c5. Rúùkù Dúdú wá sí c5 pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì (ó kọlu ọba), pọ́ọ̀nù jẹ ẹ́. Rúùkù Funfun ń halẹ̀ báyìí láti bọ́ sí b1. Dúdú sún pọ́ọ̀nù sí a2 láti ṣọ́ ọ. Pọ́ọ̀nù wa lọ sí c6, bíṣọ́ọ̀bù lọ sí c7, pọ́ọ̀nù jẹ b7. Ohun yòówù tí Dúdú ìbáà ṣe, pọ́ọ̀nù á jẹ ẹṣin a8, á di ayaba, méètì! Pọ́ọ̀nù b2 náà ni.

Bí pọ́ọ̀nù bá dé ìpẹ̀kun bọ́ọ̀dù, ta ló máa fẹ́ gba rúùkù nígbà tó lè gba ayaba? (Òǹkàwé, Ìlọrin)

Ẹni tí ayaba á fún ní ọ̀mì. Funfun: ọba b6, pọ́ọ̀nù c6. Dúdú: ọba a1, rúùkù d5. Ní 1895, Barbier, tó ń kọ̀wé lórí ṣẹ́ẹ̀sì, gbé e sínú ìwé ìròyìn kan ní Glasgow pé Dúdú á gba ọ̀mì. Fernando Saavedra, àlùfáà ará Sípéènì tó ń gbé ìlú náà, ló rí i pé Funfun á borí.

Pọ́ọ̀nù lọ sí c7, rúùkù fi ṣẹ́ẹ̀kì kàn án ní d6. Ọba lọ sí b5, ó tún kàn án ní d5, ọba b4, rúùkù d4, ọba b3, rúùkù d3, ọba c2. Rúùkù padà sí d4, ọgbọ́n sì wà níbẹ̀: bí pọ́ọ̀nù bá di ayaba, rúùkù á bọ́ sí c4 pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì, bí ayaba bá jẹ ẹ́, ọba Dúdú kò sí nínú ṣẹ́ẹ̀kì, kò sì ní ibì kankan láti lọ. Ọ̀mì. Nítorí náà, kí ó di rúùkù ní c8. Ó ń halẹ̀ méètì ní a8, rúùkù Dúdú gbọ́dọ̀ wá dí i ní a4, ọba Funfun á lọ sí b3. Ó ń lé rúùkù, ó tún ń halẹ̀ méètì ní c1. Dúdú kò lè gba méjèèjì.

Ṣé wọ́n ń fi oyè gíráńmásítà dá àwọn tó ń ṣẹ̀dá àdììtú lọ́lá? (Òǹkàwé, Àkúrẹ́)

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1972, ẹni mẹ́rin àkọ́kọ́ gbà á: Kasparyan, Loshinsky, Mansfield àti Visserman.

Mo ṣe àdììtú ìgbésẹ̀ 2. Ayaba Funfun ló kọ́kọ́ jẹ rúùkù pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì. Wọ́n ní kò dára, ṣùgbọ́n méètì rẹ̀ dára. Kí ni kí n ṣe? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣẹ́ẹ̀kì àti jíjẹ ọmọ ni ohun tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń dán wò, àdììtú yín ti tú kí wọ́n tó jókòó. Ẹ di méètì yẹn mú, ẹ wá ibòmíràn tí ayaba lè ti wá síbẹ̀, kí ẹ sì mú rúùkù yẹn kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ọ̀nà kejì wò. Bí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ mìíràn bá tún wà tó lè yọrí sí méètì, àdììtú náà ti bàjẹ́. Ayaba ló sábà máa ń fà á, torí agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ gbìyànjú láti fi rúùkù rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ẹ sún gbogbo ọmọ lọ sí òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà mìíràn etí bọ́ọ̀dù nìkan á ti dí ọ̀nà kejì. Bí gbogbo èyí bá kùnà ni kí ẹ tó fi pọ́ọ̀nù Dúdú kan kún un. Kí ẹ sì mú àwọn ọmọ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí ẹ bá mú kúrò tí àdììtú ṣì dúró, kò ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ má fi ojú nìkan yẹ̀ ẹ́ wò. Popeye, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, á ka gbogbo ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ fún yín bí ẹ bá kọ #2 (méètì ní ìgbésẹ̀ 2) fún un. Ètò tí a fi ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lè fi ẹyọ ọ̀nà kan ṣoṣo hàn yín, ibẹ̀ ló ti ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ẹ ní kó fi ọ̀nà márùn-ún hàn.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ kọ iye ọmọ sí abẹ́ àwòrán, ti Funfun ṣáájú. Excelsior yóò jẹ́ 8+10. Bí iye yín kò bá bá àwòrán mu, olóòtú á mọ̀ pé ọmọ kan ti jábọ́ lójú ọ̀nà, á sì kọ̀wé bi yín kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde.