Àwo ẹlẹ́sẹ̀ tó ń ya níbi tí ẹsẹ̀ ti pàdé àwo

Ẹ ní àwo amọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ tí ẹ ń fi kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò mọ máa ń ya yípo ọrùn ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ha ojú méjèèjì, ẹ fi amọ̀ ṣíṣàn lẹ̀ ẹ́, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ra dáadáa. Ẹ ní etí àwo náà tún máa ń tẹ̀ sílẹ̀. Ti yíya yẹn ti ṣe mí rí, ó sì ná mi lówó.

Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ ni. Ìyá ìyàwó kan ní Bódìjà ní kí n ṣe 12, tí wọn yóò fi gbé kéèkì àti èso sórí tábìlì àwọn àna. Ó ti san àsansílẹ̀. Ọyẹ́ mú n'Ìbàdàn lọ́dún yẹn, ètè gbogbo èèyàn ló ń bó. Mo mọ àwo lọ́jọ́ Ajé, mo mọ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo so wọ́n pọ̀ ní Ọjọ́rú. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, mẹ́sàn-án ti ya: ìlà kan báyìí, tín-ín-rín bí irun orí. Mo fi amọ̀ dí i. Nígbà tí mo sun wọ́n tán, ìlà náà yọ padà, ó tún fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo dá owó olówó padà.

Ìyá amọ̀kòkò kan n'Ìlọrin ló là mí lójú. Òun kì í lo kẹ̀kẹ́ rárá, ṣùgbọ́n mo rí i pé bó bá ti mọ ìsàlẹ̀ ìkòkò tó fẹ́ kí ó gan díẹ̀, ó máa ń fi àkísà tútù bo etí ibi tó ṣì fẹ́ fi amọ̀ kún lọ́la. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní amọ̀ gbígbẹ àti amọ̀ tútù kì í gbé pọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Amọ̀ máa ń súnkì bó ṣe ń gbẹ. Àwo tèmi ti fi ọjọ́ kan ṣáájú, ó ti súnkì lọ jìnnà nígbà tí ẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ń fà, àwo kò bá a lọ, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra ló gba ìyà rẹ̀. Agere Ifá, abọ́ onígi ẹlẹ́sẹ̀ tí babaláwo ń kó ikin sí, kò ní wàhálà yìí, igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ láti ẹsẹ̀ dé abọ́. Tiwa, méjì la fẹ́ sọ di ọ̀kan.

Nísinsìnyí, ọjọ́ kan náà ni mo ń mọ méjèèjì, láti inú amọ̀ tí mo pò lẹ́ẹ̀kan. Etí àwo ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ, nítorí náà mo ń fi ọ̀rá wé etí, mo ń ṣí àárín sílẹ̀. Tí èékánná bá ń wọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n tí ìka kò tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́, ó ti tó so pọ̀. Kí n tó so wọ́n, mo máa ń gbé àwo kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí n gbé ẹsẹ̀ náà kàn án. Èyí tó bá tutù jù ló ṣì ní omi jù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo ń lò torí ọwọ́ mi ti yi. Bí wọn kò bá dọ́gba, aṣọ tútù ni mo ń dà bo èyí tó gbẹ jù, màá sì dúró.

Lílẹ̀ ẹ́ kò le. Ẹ da ojú àwo dé orí kẹ̀kẹ́, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ wọn ẹnu ẹsẹ̀, ẹ sàmì rẹ̀ sí ìdí àwo, ẹ fi fọ́ọ̀kì ha á, kí amọ̀ ṣíṣàn yín ki bí ògì. Ẹ yí ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dì mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rá bò ó pátá fún ọjọ́ méjì, kí omi inú wọn lè dọ́gba, kí ẹ tó máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà òjò, ọ̀sẹ̀ kan tó mi. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni yòówù tí ìbáà máa pè mí lórí fóònù.

Ti etí tó ń tẹ̀ sílẹ̀ tí ẹ tún mẹ́nu kàn, ó jọ pé ẹsẹ̀ yín ló tín-ín-rín jù. Àwo tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹsẹ̀ mi kì í dín sí 12 níbi tó ti kàn án, ìsàlẹ̀ sì tún máa ń fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí àárín àwo nípọn, kí ó máa fẹ́lẹ́ lọ sí etí.

Tí ẹ bá wá ṣí ọ̀rá tí ẹ rí ìlà, ẹ má dí i, ẹ má sì sun ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ẹ fọ́ ọ, ẹ rẹ ẹ́ sómi. Amọ̀ náà ṣì wúlò, ẹ ó tún un mọ.