Èwo ni ti kíndìnrín nínú ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 13 lọmọbìnrin mi. Ó ti di oṣù 7 báyìí tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù. Ó ń wá déédéé, àmọ́ ṣe ni inú rírun rẹ̀ ń le sí i, débi pé kì í lè nàró. Ẹni tó ṣe sikáànù fún un ní òun ò rí kíndìnrín rẹ̀ ọ̀tún rárá. Wọ́n wá ní ká lọ ṣe MRI ìsàlẹ̀ ikùn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Èwo ni ti kíndìnrín nínú èyí? Ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má lọ fọwọ́ kàn án lójú ara. — Ìyá Ọmọ

ÌDÁHÙN: Ìyá Ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kí MRI yẹn falẹ̀. Inú tó ń run ọmọ yín àti kíndìnrín tí wọn ò rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Nígbà tí ọmọ bá wà nínú oyún, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ló máa ń pàdé láàárín, tí wọ́n á di ilé ọmọ kan ṣoṣo. Ọ̀pá tí kíndìnrín ti ń hù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ́kípẹ́kí, nǹkan tó bá ṣe ọ̀kan lè kan èkejì. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí mo bá rí i pé ibi tó yẹ kí kíndìnrín wà ṣófo, apá ibẹ̀ náà lojú mi ń sáré lọ nísàlẹ̀.

Mo ṣì rántí àwòrán ọmọ kan tó jọ tiyín. Ilé ọmọ méjì ni mo bá, wọ́n dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú pẹ̀lú ẹnu tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ apá òsì ń rọ́nà jáde, gbogbo èèyàn sì ń sọ pé ṣebí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá. Lápá ọ̀tún, awọ kan ti dí ọ̀nà pa. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù kóra jọ síbẹ̀, ó wú bí àpò, ó ti àpò ìtọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú ọ̀wọ́ àwòrán tí à ń pè ní T1, ó funfun báláú, torí ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ máa ń tàn níbẹ̀, omi lásán á sì dúdú. OHVIRA là ń pè é, ìyẹn ni pé ọ̀nà ojú ara apá kan dí, kíndìnrín apá ibẹ̀ náà ò sì sí tàbí kò pé bó ṣe yẹ. Oògùn inú rírun nìkan ni wọ́n ti ń fún ọmọ yẹn látọjọ́ yìí. Ó dùn mí gan-an.

Ní ti ìbẹ̀rù yín, òòfà ni MRI fi ń ṣiṣẹ́, kò ní ìtànṣán bíi X-ray, kò sì sídìí tí ẹnikẹ́ni fi máa fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀. Ẹ bọ́ yẹtí àti píìnì irun rẹ̀ sílé. Á sùn gbalaja fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; ẹ̀rọ náà máa ń pariwo, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un ní ohun tó máa fi dí etí. Bí wọ́n bá tún fẹ́ ṣe sikáànù, orí ikùn ni kí wọ́n ti ṣe é, kí ìtọ̀ ti kún inú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ohun tí mo rò ni, awọ yẹn ni oníṣẹ́ abẹ máa gé kúrò. Wọn kì í sábà yọ ilé ọmọ kankan. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n kàn fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ náà kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kòkòrò lè gba ibẹ̀ wọlé. Kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sínú fáìlì rẹ̀ pé kíndìnrín kan ló ní, kí dókítà yòówù tó bá máa kọ oògùn fún un lè mọ̀.